Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ìtàn àwọn alágbàtà tí ìkànnì ayélujára lé jáde

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọjọ́ dáadáa mọ̀ pé ọ̀nà tó wọ ọjà Alábà pọ̀. Ẹni tó ń ti Mile 2 bọ̀ yóò gba títì márosẹ̀ Àgbádárìgì. Ẹni tó ń ti Ìgándò bọ̀ yóò gba títì LASU sọ̀ kalẹ̀ sí Ìyànà-Ìbà kí ó tó yà. Ẹni tó ń gbé Òkòkòmáíkò yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, yóò sì gba àárín àdúgbò kọjá. Kò sí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Alábà tó ń bi oníbàárà léèrè pé ọ̀nà wo ni ó gbà dé. Ohun tó kan ọlọ́jà ni pé kí èrò dé, kí wọ́n nájà, kí wọ́n rà, kí wọ́n sì tún padà wá lọ́la. Àwọn àgbà ti fi gbólóhùn kan parí ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Lórí ìtàkùn ayélujára, òdìkejì òwe yìí ni à ń bá yí. Láti nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni Twitter, WhatsApp àti irú wọn ti ń dí àwọn ọ̀nà tó wọ ọjà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan, ìyẹn èyí tí àwọn fúnra wọn là, tí àwọn nìkan sì ń ṣọ́ ẹnu ibodè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lé kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn tó bá wọn ṣán igbó, tó bá wọn pe èrò, tí kò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọjà náà ṣì kéré ni. Ìtàn bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó kan ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹun láti inú fóònù ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, bí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ tíì gbọ́ orúkọ àwọn tí a óò dárúkọ.

Ta ni alágbàtà?

Alágbàtà ni ẹni tó gba ọjà lọ́wọ́ olóko, tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Kì í ṣe òun ló gbin iṣu, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, púpọ̀ iṣu ni yóò jẹrà sóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn áàpù tí mò ń pè ní áàpù alágbàtà rí. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ìkànnì. Ẹlòmíràn, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ló ṣe áàpù tí a fi ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ tí a ní níbẹ̀, orí ìkànnì ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò ó, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, ìrọ̀rùn tí a ń rí, iṣẹ́ ọwọ́ alágbàtà ni. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìkànnì ń gbà bá ẹ̀rọ alágbàtà sọ̀rọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní API. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣí i, alágbàtà yóò rí ọjà gbé. Bí ó bá tì í, àtẹ alágbàtà yóò ṣófo láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí Twitter bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, kò pé oṣù díẹ̀ tó fi ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ gbayawu, lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni nígbà náà. Kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣe áàpù fún oríṣìíríṣìí fóònù tó wà láyé. Àwọn ará ìta ló bá a ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Iconfactory ṣe Twitterrific ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007. Áàpù yìí ló kọ́kọ́ lo àwòrán ẹyẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ síbẹ̀ ní tweet. Àmì # tí a fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ, òǹlò kan tó ń jẹ́ Chris Messina ló dábàá rẹ̀ ní oṣù Ògún ọdún 2007. Àṣà títún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé jáde, ọwọ́ àwọn òǹlò ló ti wá kí ilé-iṣẹ́ náà tó ṣe bọ́tìnnì fún un ní ọdún 2009. Kódà, fífa ojú fóònù wálẹ̀ kí ohun tuntun lè jáde, èyí tí gbogbo wa ń ṣe lónìí láì ronú, inú áàpù alágbàtà kan tó ń jẹ́ Tweetie, tí Loren Brichter ṣe, ni ó ti jáde wá. Orúkọ, àmì, àṣà àti ìlò: púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń dá Twitter mọ̀, àlejò ló kó o wá fún un.

Ìgbà BlackBerry

Ní àkókò yẹn gan-an ni BlackBerry gba ìgboro Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 tí ó sì fi Ọjọ́ ṣe ibùjókòó, bí ó ti rí ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa nígbà náà, fóònù yìí di ohun tí ọ̀dọ́ fi ń ṣe fáàrí. Ẹni tí kò lè ra tuntun yóò wá tòkunbọ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń san owó BIS, nítorí pé láìsí i, BlackBerry kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí fóònù tí a fi ń pe èèyàn lásán. Bí èèyàn bá pàdé ẹnìkan, PIN rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọrọ.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà tuntun yìí gbà wọ Twitter ni áàpù alágbàtà kan tó ń jẹ́ UberTwitter. Nígbà náà, Twitter máa ń kọ orúkọ áàpù tí èèyàn lò sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ. Ẹni tó bá wà lórí ìkànnì náà ní Nàìjíríà ní ọdún 2010 kò lè gbàgbé orúkọ UberTwitter, nítorí pé abẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń wà. Fún ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín áàpù náà àti ìkànnì fúnra rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà ní oríléeṣẹ́ Twitter. Ní oṣù Igbe ọdún 2010, ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ra Tweetie, ó sọ ọ́ di áàpù tirẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpolówó ọjà. Ẹni tó bá fi ìmú méjèèjì jọ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìpolówó kì í mówó wọlé bí èrò kò bá rí i, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà alágbàtà wọlé lè má rí i rárá. Alágbàtà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ lánàá ti di ẹni tó ń jẹ nínú oúnjẹ onílé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2011, Twitter ti ilẹ̀kùn mọ́ UberTwitter àti Twidroyd, tí ilé-iṣẹ́ kan náà, UberMedia, ni méjèèjì. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọ́n rú òfin lórí àṣírí àwọn òǹlò, pé wọ́n lo orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, àti pé wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ padà láti fi pa owó. UberMedia tún nǹkan ṣe kíákíá, ó pa orúkọ dà sí UberSocial, ilẹ̀kùn sì tún ṣí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí á sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pa mọ́: òǹlò tó ti lo áàpù kan lójoojúmọ́ lè jí lọ́jọ́ kan kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì, láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2011, tí Twitter sọ fún àwọn tó ń ṣe áàpù pé kí wọ́n má ṣe irú áàpù tó jọ tirẹ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ó ra TweetDeck. Ní oṣù Ògún ọdún 2012, ó gbé òfin jáde pé áàpù tuntun tó bá fẹ́ ju 100,000 òǹlò lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní oṣù Ògún ọdún 2018, ó gé okùn tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé sórí áàpù alágbàtà lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sé ọ̀nà náà, bí ẹni tó ń fi òkúta kọ̀ọ̀kan mọ odi.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, orí Twitter ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ibi tí wọn yóò ti péjọ fún ìwọ́de #OccupyNigeria. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, #EndSARS tàn láti ibẹ̀ dé gbogbo àgbáyé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá iṣẹ́ Twitter dúró ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 2021, ọ̀pọ̀ òǹlò ló wá VPN kiri títí di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 tí wọ́n tún ṣí i. Oṣù méje gbáko ni wọ́n fi yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ ọjà tí ìjọba tì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún kan ku ọjọ́ kan kí ó pé. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù 44 dọ́là. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, Twitterrific, Tweetbot àti àwọn alágbàtà ńlá mìíràn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí àlàyé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe áàpù tó lè rọ́pò tirẹ̀. Twitterrific, tó kọ́kọ́ ya ẹyẹ fún wọn, ti wà pẹ̀lú wọn fún ọdún 16. Àwọn tí kì í ṣe àlejò rárá ni wọ́n lé, wọ́n sì tún dúró di ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n lé wọn kí wọ́n tó kọ òfin tí wọn yóò fi dá ara wọn láre.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Èkó

Ìtàn irú èyí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò dúdú ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tó padà wá láti Sierra Leone àti Àgùdà tó padà wá láti Bùràsíìlì, ló dúró láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn ará òkè. Wọ́n ń gba epo pupa àti èkùrọ́, wọ́n ń tà á fún òyìnbó. Wọ́n ń gba aṣọ àti ọjà mìíràn lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sókè. Òyìnbó kò gbọ́ èdè, kò mọ ọ̀nà, kò mọ ẹni tí a lè fi ọjà lé lọ́wọ́. Ó nílò alágbàtà.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìsọ̀ tiwọn lẹ́bàá ojú irin. Àǹfààní àwọn oníṣòwò dúdú ń dín kù. Ilé-iṣẹ́ ń gbé ilé-iṣẹ́ mì, títí tí UAC fi jáde ní ọdún 1929 láti inú ìdàpọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjì. Kò sí òfin kankan tó lé àwọn oníṣòwò Èkó kúrò. Ọ̀nà ni ó kàn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tó ni ọ̀nà sì rí i pé òun kò nílò ẹni tó fi ọ̀nà hàn án mọ́. Ohun tí ojú irin ṣe fún alágbàtà ọdún 1901 ni áàpù ilé-iṣẹ́ ṣe fún alágbàtà ọdún 2011.

WhatsApp méjì lórí fóònù kan

Bí Twitter bá jẹ́ ọjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn akọ̀ròyìn, WhatsApp ni ọjà gbogbo ayé. Jan Koum àti Brian Acton dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009. Facebook rà á ní bílíọ̀nù 19 dọ́là ní ọdún 2014. Ní Òkòkòmáíkò lónìí, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń se oúnjẹ àríyá, ẹni tó ń tún firíìjì ṣe, nọ́ńbà WhatsApp wọn ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn àti lára ọ̀rá tí wọ́n ń di ọjà sí.

Àwọn òǹlò tó pẹ́ jù ni WhatsApp kọ́kọ́ já sílẹ̀. Àwọn tó ní fóònù Nokia kékeré àti BlackBerry ló kọ́kọ́ sọ áàpù yìí di gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Android ṣì wọ́n. Ní ìparí oṣù Òkúdù ọdún 2017, WhatsApp fi Nokia S60 sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017 kan náà, ó fi BlackBerry sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2018, ó fi Nokia S40 sílẹ̀. Fóònù náà kò bàjẹ́, bátìrì rẹ̀ ṣì lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí. Ẹni tí kò bá ra fóònù mìíràn yóò wà ní ìta ọjà.

Ti áàpù alágbàtà ni ó wá le jù. A mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò ṣeé gbára lé. Ìdí nìyẹn tí fóònù onísíìmù méjì bíi Tecno, Itel àti Infinix fi gbòde. Ẹni tó ń ṣòwò yóò ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà, yóò ya èkejì sọ́tọ̀ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n WhatsApp gbà nọ́ńbà kan ṣoṣo láàyè nínú áàpù rẹ̀. Àwọn ará ìta ló rí àlàfo yìí. Wọ́n tú áàpù náà palẹ̀, wọ́n tún un tò, wọ́n sì pè é ní WhatsApp Plus, lẹ́yìn náà GBWhatsApp àti àwọn mìíràn. Kò sí wọn ní Play Store. Láti fóònù dé fóònù ni wọ́n ń fi Xender gbé e kiri. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò gbé fóònù tọ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ.

Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn lè ní nọ́ńbà méjì lórí fóònù kan. Ó lè gba fídíò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé sórí status. Ó lè fi pa mọ́ pé òun wà lórí ìlà. Ó lè ka iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kí àmì aláwọ̀ búlúù má sì hàn, ohun tó wu ẹni tó jẹ gbèsè tí kò tíì rówó san. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí kórìíra WhatsApp. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹyọ kan kò tó wọn.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015, WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lo WhatsApp Plus fún wákàtí 24. Ní ọdún 2019, ó dárúkọ GBWhatsApp àti WhatsApp Plus, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá padà sí áàpù gidi lè pàdánù nọ́ńbà rẹ̀ lórí WhatsApp pátápátá. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìbà. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó rẹ̀ kò sí lórí WhatsApp mọ́. Àwọn oníbàárà tó ń ránṣẹ́ sí i kò rí èsì. Wọ́n rò pé ó ti kó kúrò tàbí pé ó ti sá lọ pẹ̀lú owó àwọn èèyàn. Ẹgbẹ́ àjọ tó ń darí lórí WhatsApp wà láìní olórí. Kò sí ọ́fíìsì ní Ọjọ́ tó lè lọ bẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a gbọ́ ẹjọ́. Fọ́ọ̀mù kan lórí ayélujára ni yóò kọ, yóò sì máa retí èsì.

Ẹjọ́ ti ilé-iṣẹ́

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí á gbọ́ ti ilé-iṣẹ́ náà. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà tí kò ní olùṣọ́, olè ń gbà á. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018, ayé gbọ́ pé áàpù kan tí ará ìta ṣe sórí Facebook ti kó ìsọfúnni àwọn èèyàn fún ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica. Facebook fúnra rẹ̀ sọ pé iye èèyàn tó kàn lè tó mílíọ̀nù 87. Ìròyìn tún jáde pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí dé inú ètò ìdìbò ọdún 2015 ní Nàìjíríà níbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Facebook sé ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará ìta, ẹni tó bá ní làákàyè kò sì ní bá a wí.

Ti WhatsApp náà ní ìdí. Ní oṣù Ògún ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Kaspersky kéde pé òun rí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Triada nínú FMWhatsApp. Ní ọdún 2022, ó tún rí i nínú YoWhatsApp, níbi tó ti lè jí kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì òǹlò. Ẹni tó gba áàpù láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́.

Gbogbo èyí ni mo gbà. Ṣùgbọ́n bí olè bá ń gba ọ̀nà kan wọ ìlú, ọdẹ ni a ń fi síbẹ̀, a kì í pa ọ̀nà rẹ́. Ó ṣe tán, kí ló lé oníṣòwò Òkòkòmáíkò dé ọ̀dọ̀ àjèjì tó kó kòkòrò wá? Nọ́ńbà kejì ni ó ń wá. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, WhatsApp kéde pé nọ́ńbà méjì ti lè wà nínú áàpù rẹ̀ lórí fóònù Android kan. Ní ọdún 2022, ó ti kọ́kọ́ gba àwọn òǹlò láyè láti fi pa mọ́ pé wọ́n wà lórí ìlà. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń fìyà jẹ àwọn òǹlò láti ọdún 2015 ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé wá lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ti tètè dá oníbàárà lóhùn, púpọ̀ nínú wọn kì bá tí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán.

Ti Reddit fi hàn pé ọ̀rọ̀ àṣírí kọ́ ni ó máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2023, ìkànnì Amẹ́ríkà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Christian Selig, tó ṣe áàpù Apollo, ṣírò pé ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ òun yóò tó 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Àwọn òǹlò fi ẹ̀hónú hàn: ó ju 8,000 ẹgbẹ́ lọ tó ti ilẹ̀kùn wọn ní oṣù Òkúdù. Reddit kò yí ọkàn padà, Apollo sì kú ní ìparí oṣù náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé Apollo jí ohunkóhun. Owó ni ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó kù fún wa

Ìbéèrè tó kàn ni bí èyí ṣe kan ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní LASU lónìí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó lè lo API Twitter lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí tàbí áàpù kékeré kan tó ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ san 100 dọ́là lóṣù, ó kéré tán. Ní ìparí ọdún 2024, tí dọ́là kan kọjá 1,500 náírà, iye yẹn ju ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn 70,000 náírà. Ọ̀nà tí Iconfactory gbà ní ọdún 2007 láti di ẹni tí ayé mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ọmọ Ọjọ́. Àwọn alágbàtà òní pàápàá kò bọ́: ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, òfin tuntun WhatsApp lé ChatGPT àti irú rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì náà, Meta tó ni WhatsApp sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí wọ́n ti fipá ṣí ilẹ̀kùn. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ńlá sọ ọ́ di dandan fún WhatsApp láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 pé kí ó jẹ́ kí áàpù mìíràn lè bá òǹlò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, Meta kéde pé áàpù méjì, BirdyChat àti Haiket, ni yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ṣeé ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń bèèrè bá ní agbára òfin lọ́wọ́.

Nàìjíríà kò sì jẹ́ aláìlágbára bí a ti rò. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ọwọ́ tó fi mú ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí WhatsApp. Ilé-ẹjọ́ pàtàkì tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú èyí sì fọwọ́ sí i ní oṣù Igbe ọdún 2025. Àjọ tó lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń mú àṣírí wa yàtọ̀ sí ti ará Yúróòpù lè béèrè pẹ̀lú pé kí ni ìdí tí ọ̀nà ṣe ṣí síbẹ̀ tí ó sì dí síbí. Ó tún lè béèrè pé, kí wọ́n tó lé nọ́ńbà oníṣòwò kan kúrò, kí wọ́n kìlọ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un láyè láti kó orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde.

Títí ìgbà náà, kí ẹni tó ń tajà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ má gbàgbé pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù yín, kí wọ́n sì ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà rí yín, ìbáà ṣe nọ́ńbà tí a lè pè lásán. Àwọn tó ń lo UberTwitter ní ọdún 2011 rò pé ilé àwọn ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lo GBWhatsApp, bẹ́ẹ̀ sì ni Twitterrific lẹ́yìn ọdún 16. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.